Ẹ Má Fi Iṣẹ́ Ọwọ́ Yín Sílẹ̀ Lẹ́nu Ọ̀nà

Ẹ̀yin tí ẹ ń jáde nílé ìwé ní Kétu lónìí ni ọ̀rọ̀ mi kàn. Ó ń dùn mí wọra pé onígbàgbọ́ á gbàwé ẹ̀rí tán, á wá máa tijú oko bàbá rẹ̀; kò ní fẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀ pé epo bẹntiróòlù kpayo inú ìgò lẹ́bàá títì ni ìyá rẹ̀ tà tó fi rán an níwèé. Èrò rẹ̀ ni pé ẹni tí Ọlọ́run pè ti kọjá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. N kò gbà bẹ́ẹ̀, ìtàn àwọn àpọ́sítélì kò sì gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ wò wọ́n. Apẹja ni Pétérù àti Áńdérù. Apẹja ni àwọn ọmọ Sébédè náà, ṣùgbọ́n bàbá tiwọn ní alágbàṣe nínú ọkọ̀. Léfì tí í ṣe Mátíù ń gba owó òde, àwọn èèyàn sì ka irú wọn mọ́ ẹlẹ́ṣẹ̀. Ẹnì kan lè sọ pé ṣebí wọ́n fi àwọ̀n sílẹ̀, Mátíù náà sì dìde nídìí owó òde. Òótọ́ ni. Àmọ́ kí ni Mátíù kọ́kọ́ ṣe? Ó se àsè ńlá, àwọn agbowó òde ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sì pé jọ síbẹ̀ láti bá Jésù jẹun. Ta ni nínú àwọn apẹja yẹn tí àwọn agbowó òde ìbá jẹ́ ìpè rẹ̀? Mátíù fi ìdí owó òde sílẹ̀, kò fi àwọn èèyàn rẹ̀ sílẹ̀. Pọ́ọ̀lù ńkọ́, ẹni tó kàwé lẹ́sẹ̀ Gàmálíẹ́lì? Ní Kọ́ríńtì, abẹ́rẹ́ àti aṣọ àgọ́ ló mú un dé ilé Àkúílà àti Prìskílà, torí iṣẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe, ibẹ̀ ló sì ń gbé. Ìwé kò gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Ajayi Crowther tó wá sí Kétu yìí ní 1853. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821. Nígbà tó gba òmìnira tó dé Sàró, ó kọ́ṣẹ́ káfíńtà kó tó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay ní 1827, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ọmọ Kétu gan-an ni Thomas Mouléro, ẹni tó di àlùfáà Kátólíìkì ní 1928, ọmọ bíbí Dàhòmẹ̀ àkọ́kọ́ tó dé ipò náà. Aṣọ àlùfáà kò mú un gbàgbé ẹnu àwọn àgbà, òun ló kọ ìtàn ìlú yìí sílẹ̀.

Àwọn kan á ní ìyẹn kò kan àwọn tí iṣẹ́ wọn kò ní láárí. Iṣẹ́ wo ni kò ní láárí níbi tí èèyàn bá wà? Ìwọ tó ń gun zém, alùpùpù akérò, láti fi sanwó ìwé rẹ, má tíì ta alùpùpù yẹn. Àwọn tẹ́ ẹ jọ ń dúró de èrò lábẹ́ igi, tí wọn kì í dé ṣọ́ọ̀ṣì, mọ orúkọ rẹ. Wọn kò mọ orúkọ pásítọ̀ kankan. Pè wọ́n wá jẹun nílé rẹ lọ́sẹ̀ yìí.