Gbólóhùn Tí A Fi Búlọ́ọ̀kù Tò: Lórí Dídín Ẹrù Ọpọlọ Kù Nínú Síso Àkọsílẹ̀ Pọ̀

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Èmi kò rò pé mo ti yà kúrò nínú oko mi. Gbólóhùn ni ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ kí a mú àtẹ kan tí ilé-ìkàwé fi ń ṣe àkọsílẹ̀ ìwé. Ó ní òpó fún àkọlé, òpó fún òǹkọ̀wé, òpó fún ọdún. Ní ìlà kan, a rí Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, Fágúnwà, 1938. Ènìyàn mọ ohun tí ìlà náà ń wí. Ẹ̀rọ kò mọ̀ ọ́n. Bí a bá fẹ́ kí àkọsílẹ̀ wa bá ti ilé-ìkàwé mìíràn sọ̀rọ̀, a ní láti sọ ìlà náà di gbólóhùn kéékèèké, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní olùwà, ọ̀rọ̀-ìṣe àti àbọ̀: Fágúnwà kọ Ògbójú Ọdẹ. Ìlànà kan tí ń sọ bí òpó yóò ṣe di gbólóhùn ni R2RML, èyí tí ẹgbẹ́ W3C fọwọ́ sí ní 2012.

Ibi tí wàhálà wà nìyí. Akámọ́, àmì ìdánudúró àti àdírẹ́ẹ̀sì gígùn gbọọrọ ni a fi ń kọ ọ́. Ẹni tí ń kọ ọ́ ní láti há gbogbo wọn sórí nígbà tí ó tún ń ronú ohun tí òpó kọ̀ọ̀kan túmọ̀ sí. Bí àmì kan ṣoṣo bá sọnù, iṣẹ́ lè dúró. Abájọ tí iṣẹ́ náà fi ń bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ó mọ àmì, dípò ẹni tí ó mọ ìwé.

Ní 2017, àwọn olùwádìí kan ní Trinity College, Dublin, fi ohun èlò kan hàn tí wọ́n pè ní Juma. Orí Blockly ti Google ni wọ́n kọ́ ọ lé. Búlọ́ọ̀kù aláwọ̀ oríṣiríṣi ni ènìyàn ń tò níbẹ̀, bí ọmọdé ti ń to àwòrán tí a gé sí wẹ́wẹ́. Olùwà ní àyè tirẹ̀, àbọ̀ ní tirẹ̀. Èyí tí kò bá bá àyè mu kò ní wọlé. Ojú ni a fi ń rí gírámà. Bí a bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá ẹrù ọpọlọ fúyẹ́ lóòótọ́, òṣùwọ̀n kan wà, NASA-TLX, tí Hart àti Staveland ṣàlàyé rẹ̀ ní 1988. Ohun 6 ni ó ń bi òṣìṣẹ́ léèrè, lára wọn ni ìrònú, ìkánjú àti ìbínú ọkàn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ pé ẹni tí ó ru ẹrù ni a ń bi bí ó ti wúwo tó.

Síbẹ̀, n kò fẹ́ kí a gbé búlọ́ọ̀kù ga ju bí ó ti yẹ lọ. Bí òpó bá pé 40, búlọ́ọ̀kù yóò kún ojú ẹ̀rọ, a ó sì máa wá wọn kiri. Pẹ̀lúpẹ̀lù, àyè kò mọ ìtumọ̀. Ní 1968, ìtumọ̀ Wọlé Ṣóyínká sí èdè Gẹ̀ẹ́sì jáde fún ìwé Fágúnwà yìí. Bí àtẹ bá to orúkọ àwọn méjèèjì sínú òpó òǹkọ̀wé, búlọ́ọ̀kù yóò gbà wọ́n láìjanpata, ẹ̀rọ yóò sì kéde fún gbogbo ayé pé Ṣóyínká náà ni ó kọ Ògbójú Ọdẹ. Bí ó bá sì jẹ́ pé orúkọ ni a fi ṣe àdírẹ́ẹ̀sì, “Fagunwa” aláìlámì àti “Fágúnwà” alámì yóò di ènìyàn méjì. Ẹni tí ó mọ ìtàn lítíréṣọ̀ wa yóò rí àṣìṣe yìí lójú ẹsẹ̀, bí a bá jẹ́ kí ó jókòó níwájú iṣẹ́ náà. Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé irú ohun èlò báyìí tọ́ sí ẹ̀ka èdè ju ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ lọ. Àwọn tọ̀hún ti mọ akámọ́ wọn.