Nígbà Tí Èsì Àyẹ̀wò Ọmú Kò Tíì Dé

(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé bá wa sọ ní ìpàdé oṣù. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ní kí á tẹ̀ ẹ́ síwèé kí ẹni tí kò wá náà lè kà á.)

  

Ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́ àti ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó ni mo sábà máa ń sọ níbí. Ti òní yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ ara mi ni, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan ló kàn.

Ní bí oṣù méjì sẹ́yìn, mo ń wẹ̀ láàárọ̀, ọwọ́ mi ba kókó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmú mi òsì. Kò dùn mí. Mo ní bóyá ẹrù èlùbọ́ tí mo gbé ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi pa á mọ́ra kí n tó sọ fún ọmọ mi obìnrin, òun ló fà mí lọ sí ọsibítù. Dókítà fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ya àwòrán rẹ̀, wọ́n wá ní àwọn máa mú díẹ̀ nínú ẹran ibẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Òní ló pé ọjọ́ mọ́kànlá. Èsì kò tíì dé. Bí mo ṣe dúró níwájú yín yìí, n ò mọ ohun tí wọ́n máa bá níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí àyẹ̀wò náà ṣe rí, torí ohun tí a kò mọ̀ ló ń dẹ́rù bà wá jù. Wọ́n gún mi ní abẹ́rẹ́ tó ń jẹ́ kí ojú ibẹ̀ kú, wọ́n wá fi abẹ́rẹ́ oníhò mú ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Ó dún pá, mo ta gìrì, ṣùgbọ́n kò dùn mí tó ìrọbí rárá. Wọ́n ju ẹran náà sínú ìgò kékeré tó ní oògùn tí kì í jẹ́ kó bàjẹ́. Mo bi nọ́ọ̀sì pé kí ló dé tí èsì fi ń pẹ́. Ó ní wọ́n á fi àbẹ́là yíyọ́ mú un le, wọ́n á gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ju èèpo àlùbọ́sà lọ, wọ́n á pa á láró, kí dókítà mìíràn tó fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó. Nígbà mìíràn wọ́n tún máa ń ṣe àyẹ̀wò mìíràn lórí ẹran kan náà. Èmi tí mò ń ta èlùbọ́, ó yé mi. Iṣu tí a bẹ lónìí kì í di èlùbọ́ lọ́la. Pé èsì pẹ́ kò túmọ̀ sí pé ó burú. Pé wọn kò pè wá náà kò túmọ̀ sí pé ó dára.

Àwọn kan ní bí irin bá ti kan kókó ọmú, ó ti jí i nìyẹn, á tàn ká gbogbo ara. Mo bi dókítà, ó ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ni kì í dé ọsibítù àfìgbà tó bá ti tàn, la wá ń di ẹ̀bi ru abẹ́rẹ́. Ó tún ní èyí tó pọ̀ jù nínú kókó ọmú kì í ṣe jẹjẹrẹ. Omi ló wà nínú òmíràn, òmíràn jẹ́ ẹran tó kàn dì tí kì í pani, pàápàá lára àwọn ọ̀dọ́bìnrin. Ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè dá wọn mọ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò nìyẹn.

Ẹ wá gbọ́ bí ọjọ́ mọ́kànlá yìí ṣe rí. Ọ̀sán rọrùn. Oníbàárà ń bọ̀, mò ń wọn kóńgò, ọkàn mi wà níbi iṣẹ́. Òru ni wàhálà. Láago méjì òru, mo ti sin ara mi, mo ti pín ìsọ̀ mi fún àwọn ọmọ. Ohun tó ń ràn mí lọ́wọ́ ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Èkínní, mo sọ fún èèyàn. Mẹ́ta péré: ọmọ mi, Ìyá Ẹlẹ́ja tí ìsọ̀ wa kan ara wa, àti Ìyálọ́jà. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n béèyàn bá sọ fún gbogbo ọjà nígbà tí èsì kò tíì dé, ẹnì kan á ní irú ẹ̀ ló pa ẹ̀gbọ́n ìyàwó òun. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn sùn. Tòní tí mo sọ ọ́ yìí, mo ti bẹ̀ yín: ẹ má kó ìtàn wá bá mi, àdúrà ni kẹ́ ẹ kó wá.

Èkejì ni ìwé. Pírámárì síìsì ni mo kà mọ, ṣùgbọ́n mo mọ iṣẹ́ ìwé. Mo ra ọ̀kan sọ́tọ̀. Mo kọ ọjọ́ èsì sí i, yàrá tí màá lọ, nọ́ńbà tí màá pè, iye owó, àti ìbéèrè tí màá bi dókítà. Bí ìrònú bá dé lóru, mo máa ń kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí tí mo lè ṣe nǹkan sí, mo fi àmì sí i: ta ni yóò bá mi ṣí ìsọ̀? Èló ni owó mi lọ́wọ́ alájọ? Èyí tí n ò lè ṣe nǹkan sí, mo pa ìwé dé. Mo sì ti fún ìrònú ní àkókò tirẹ̀, ìdajì wákàtí lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Bó bá yọjú lọ́sàn-án, mo máa ń ní kó padà wá lálẹ́, bí a ti ń lé agbowó.

Ẹ̀kẹta, mo so ọwọ́ mi lẹ́sẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, wákàtí wákàtí ni mò ń tẹ kókó yẹn wò, títí ibẹ̀ fi wú tí mo ní ó ti ń dàgbà. Nọ́ọ̀sì ní ọwọ́ mi ló ṣe é. Ní báyìí, ẹ̀ẹ̀kan láàárọ̀ ni mò ń wo ojú ọgbẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbóná, tó ṣe ọyún, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ kò dá, ẹ má dúró de ọjọ́ èsì, ẹ padà lọ lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀kẹrin, bí àyà mi bá ń já, mo máa ń jókòó, mo fa èémí sínú díẹ̀díẹ̀ títí mo fi ka ẹ̀rin, mo tú u jáde títí mo fi ka ẹ̀fà, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ó dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé, ṣùgbọ́n ó ń mú àyà rọlẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ má ra oògùn oorun lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri oògùn, ẹ má sì fi àgbo tàbí ohun gbígbóná lé kókó náà. Bí ẹ kò bá lè jẹun, tí ẹ kò lè sùn, tí ẹ bá ń ronú ikú, ẹ sọ fún dókítà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Ẹ̀kẹfà, mò ń gbàdúrà, mi ò fi ṣeré. Wòlíì kan ní kí n wá gba ààwẹ̀ ọjọ́ méje lórí òkè, ọjọ́ keje wá bọ́ sí ọjọ́ èsì. Mo ní kí wọ́n bá mi gbà á, èmi ń lọ sí ọsibítù. Ẹni tí Ọlọ́run fẹ́ gbọ́ àdúrà rẹ̀ náà yẹ kó mọ ohun tó ń ṣe é.

Ẹ rántí arábìnrin wa kan tó kúrò láàárín wa. N ò ní dárúkọ rẹ̀. Ó lọ, wọ́n mú ẹran, ó sanwó, ẹ̀rù wá bà á, kò padà lọ gba èsì. Ó lé lọ́dún kan tí ìwé yẹn fi wà lọ́hùn-ún. Nígbà tí a gbé e padà lọ, ó ti pẹ́ jù. Kì í ṣe abẹ́rẹ́ ló pa á. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni kò jẹ́ kí n dákẹ́.

Ẹ tún rántí Ìyáàfin Betty Anyanwu-Akeredolu. Jẹjẹrẹ ọmú ṣe òun náà, kò fi pamọ́. Lọ́dún 1997 ló dá ẹgbẹ́ BRECAN sílẹ̀ láti máa la àwọn obìnrin lóye. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, lọ́dún 2017, òun ni ìyàwó gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó. Bí wọ́n bá tètè rí i, ìtọ́jú wà.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹgbẹ́ kò pọ̀. Kí ọmọ ẹgbẹ́ kankan má ṣe dá lọ gba irú èsì yìí mọ́. Kí ẹnì kan bá a lọ, kí ẹnì kejì jókòó ti ọjà rẹ̀. Bí owó bá sì ṣẹ́ ẹ kù, kí á wo àpò ìrànlọ́wọ́ ẹgbẹ́.

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n ní kí n wá. Ìyá Ẹlẹ́ja ló máa bá mi lọ. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ohun yòówù tí wọ́n bá kọ síbẹ̀, màá wá sọ ọ́ fún yín ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀.