Ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó àti Àwa Ọlọ́jà

(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ níbi àjọ̀dún)

  

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó la fẹ́ sọ lónìí. Kò sí ẹni tó ń tajà láàárín wa tí ọ̀nà yìí kò bọ́, díẹ̀ nínú wa sì wà tó ti pa lẹ́kún.

Ojú irin ló kọ́kọ́ so ìlú méjèèjì pọ̀ ní 1901. Nígbà tí mọ́tò wá pọ̀, àwọn ìyá wa a máa gba Abẹ́òkúta, tàbí kí wọ́n gba Ṣàgámù bọ́ sí Ìkòròdú. Ọ̀nà tóóró ni, àárín ìlú ló ń gbà kọjá. Ibi tí lọ́rì bá ti dúró, ibẹ̀ ni ọjà ti ń tà.

Ọdún 1978, nígbà ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ni wọ́n ṣí òpópónà márosẹ̀. Gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 127. Ẹ jẹ́ ká jọ rìn ín: láti Tóò-géètì wa níhìn-ín, ó di Ògùnmákin, ó di Ògèrè tí àwọn onítírélà fi ṣe ibùdó, ó di oríta Ṣàgámù tí àwọn tó ń lọ Ìjẹ̀bú, Ọ̀rẹ̀ àti Bìní ti ń yà. Lẹ́yìn náà ni Mowé, Ìbàfò, àti Kárà tí wọ́n ti ń ta màlúù, kí a tó bọ́ sí Berger. Ẹni tó ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà àtijọ́ kò rí èrò bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ní ti àwa, ẹ̀fọ́ tí a já láàárọ̀ lè dé Èkó kí oòrùn tó mú.

Nígbà tó yá, ẹrù tírélà wọ ọ̀nà lọ́rùn, kòtò wá pọ̀ ju títì lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2004 ìjọba fagi lé owó géètì. Ní 2009 wọ́n gbé ọ̀nà fún iléeṣẹ́ aládàáni kan kó tún un ṣe. Ní 2012 ìjọba gbà á padà. Ní 2013 wọ́n pín iṣẹ́ náà sí méjì, Èkó dé Ṣàgámù, Ṣàgámù dé Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ ọdún la fi ń rìn láàárín katapílà àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

Láàárín ọdún wọ̀nyẹn ni ọ̀kan nínú wa kó apẹ̀rẹ̀ ata rodo 40 sínú lọ́rì kan ṣoṣo lálẹ́, ó ń lọ Mile 12. Owó ẹgbẹ́ ló yá. Tírélà kan ṣubú nítòsí Ìbàfò, wọ́n wà lójú kan di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Ata ti gbóná, omi ti ń jò lára ẹ̀. Ìdá mẹ́rin owó rẹ̀ kò wọlé. Oṣù méjì kò wá sípàdé. Àwa ìgbìmọ̀ kọ lẹ́tà gbèsè sí i gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí, ọwọ́ wa náà la fi kọ ọ́. Ìgbà tí a délé rẹ̀ la rí i pé aṣọ òkè rẹ̀ ló ń tà fi san owó wa. Ojú tì wá o.

Títì ti dáa báyìí, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ ìtàn ọ̀nà yìí á mọ̀ pé ó ń dáa, ó ń bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí ẹnikẹ́ni má kó gbogbo ẹrù sínú mọ́tò kan, kí á sì yé rìn lóru. Èkejì, àwa ìgbìmọ̀ ń bẹ̀ yín: ẹ jẹ́ ká dá ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà lóṣù sínú àpò ọ̀nà, kí ẹni tí ẹrù rẹ̀ bá bàjẹ́ lè rí nǹkan fi bẹ̀rẹ̀, kó má bàa jẹ́ lẹ́tà la máa tún kọ sí i. A ó nawọ́ lé e lórí kí ìpàdé tó tú ká.

Ọ̀nà kan ò wọjà, àgbájọ ọwọ́ la sì fi ń sọ̀yà. A ò ní rìn níjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà.