Ìlédìí Aláṣọ fún Ọmọ: Bí A Ṣe Ń Bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ kú ọwọ́ lómi.

Ìkíni yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà mọ̀ pé ọwọ́ ẹni tó bímọ kì í kúrò nínú omi. Ọ̀rọ̀ omi yẹn gan-an la fẹ́ sọ lónìí: ìlédìí aláṣọ, bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àti ohun tó yẹ ká ṣọ́ra fún.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò owó, torí ọlọ́jà ni wá. Ìlédìí tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan tí a ń sọ nù, èyí tí a ń pè ní kúṣì, bí ọmọ bá ń lo mẹ́fà lójúmọ́, ó di 180 lóṣù kan. Ká ní ẹyọ kan jẹ́ 100 fáráńkì, 18,000 fáráńkì nìyẹn. Ẹ fi iye tí wọ́n ń tà á lọ́dọ̀ yín ṣe ìṣirò náà, ẹ ó rí i fúnra yín. Nítorí owó yìí ni àwọn ìyá míì ṣe ń jẹ́ kí kúṣì kan ṣoṣo wà nídìí ọmọ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí yóò wúwo, tí yóò máa já bọ́. Ìdí ọmọ á sì bó. Ti aláṣọ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbàkúùgbà tó bá ti tutù lẹ lè pààrọ̀ rẹ̀, torí fífọ̀ ni ẹ ó fọ̀ ọ́, ẹ ò ní sọ ọ́ nù.

Ṣùgbọ́n ó ní iṣẹ́ tirẹ̀. Bí a kò bá mọ ibi tí aṣọ náà ti wá, bí a kò bá fọ̀ ọ́ kó mọ́, bí a kò bá sá a kó gbẹ, aṣọ yẹn kan náà lè kó ọmọ sí wàhálà.

Aṣọ wo la ó lò?

Aṣọ òwú ni. Òwú ń fa omi, ó sì ń jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé. Ìró àtijọ́ tó ti rọ̀, aṣọ ìbùsùn àtijọ́, táwẹ̀lì tó ti fẹ́lẹ́, gbogbo wọn ló wúlò. Àtijọ́ tilẹ̀ sàn ju tuntun lọ, torí ó ti rọ̀, kò sì ní ta ọmọ lára. Aṣọ tó ń dán tó ń yọ̀, tí omi kì í wọ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ gé aṣọ náà ní igun mẹ́rin ọgbọọgba, kí ìbú àti òró rẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 60 sí 70. Ẹ ká etí rẹ̀ kí ẹ rán an, kí òwú má baà máa tú. Òwú tó bá tú lè wé mọ́ ìka ẹsẹ̀ ọmọ tàbí nǹkan ọmọkùnrin, kó sì fún un pinpin.

Ẹ̀yin ìyá, ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fi etí sí jù lọ. Ibo ni aṣọ àtijọ́ máa ń wà nílé wa? Ìsàlẹ̀ àpótí ni. Kí la sì ń kó sáàárín aṣọ inú àpótí kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́? Káńfọ̀ ni, hóró funfun tó ń rùn yẹn, tí àwọn mìíràn ń pè ní naftalíìnì. Káńfọ̀ kì í ṣe ọ̀rẹ́ ọmọ tuntun rárá.

Àwọn ọmọ kan wà, wọn ò sì kéré nílẹ̀ wa, tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò ní ààbò tó láti inú ìyá wọn wá. Àwọn dókítà ń pè é ní àìtó G6PD. Ọmọkùnrin ló ń bá jà jù. Ẹ ò lè fi ojú lásán mọ̀ ọ́n. Ọmọ náà á sanra, á máa mu ọmú dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ó bá fa káńfọ̀ símú, tàbí tí káńfọ̀ gba ara aṣọ wọ awọ ara rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Ohun tó ń jáde láti inú ẹ̀jẹ̀ tó fọ́ yẹn ló ń sọ ojú àti ara ọmọ di àwọ̀ ìyeyè. Bí ó bá pọ̀ jù, ó lè wọ inú ọpọlọ lọ. Ọmọ tí ó bá wọ̀ lọ́pọlọ lè kú. Èyí tí kò bá kú lè di adití, tàbí kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ le gan-an títí ayé.

Nítorí náà, aṣọ tó bá ti bá káńfọ̀ gbé inú àpótí, ẹ má fi ṣe ìlédìí, ẹ má fi pọn ọmọ tuntun, ẹ má fi bò ó. Ẹ má sọ pé, “Mo ti sá a sóòrùn díẹ̀.” Ìyẹn ò tó. Ẹ wá aṣọ mìíràn. Àpótí tí aṣọ ọmọ wà, ẹ má kó káńfọ̀ sí i rárá. Ẹ jẹ́ kí aṣọ gbẹ dáadáa kí ẹ tó kó o pamọ́, ó ti tó.

Bí ẹ bá rí i pé ẹyinjú ọmọ tàbí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ń pọ́n bí ìyeyè, tí kò fẹ́ mu ọmú mọ́, tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú, ẹ má dúró de oòrùn àárọ̀, ẹ má fún un ní àgbo. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ó bá ti fara kan káńfọ̀, ẹ sọ fún wọn.

Mélòó la ó fi bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ tuntun ń tọ̀ léraléra. Láàárín ọ̀sán àti òru, ẹ lè pààrọ̀ ìlédìí rẹ̀ nígbà mẹ́jọ sí méjìlá. Ẹni tó bá ń fọṣọ lójoojúmọ́ lè fi 15 bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń ra omi, tó jẹ́ pé ọjọ́ méjì-méjì ló ń fọ̀, kó wá bíi 24. Nígbà òjò, ẹ fi márùn-ún kún un, torí aṣọ kì í tètè gbẹ. Ẹ ò ní láti kó gbogbo rẹ̀ jọ lọ́jọ́ kan. Bí oyún bá ti pé oṣù méje, ẹ máa gé méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀. Kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó dé, ó ti pé.

Kò sì pọn dandan kí ẹ fi kúṣì sílẹ̀ pátápátá. Ẹlòmíràn á máa lo aláṣọ nílé, á wá lo kúṣì lọ́jọ́ tó bá ń rìnrìn àjò lọ sí Kútọnu. Ìyẹn náà dára. Ẹyọ kan tí ẹ kò rà, owó rẹ̀ wà lápò yín.

Bí a ṣe ń dè é

Ẹ tẹ́ aṣọ náà, ẹ ṣẹ́ ẹ po láti igun sí igun, kó di onígun mẹ́ta. Ẹ gbé ìdí ọmọ lé e, kí etí gígùn rẹ̀ wà lókè ní ẹ̀gbẹ́ ìbàdí. Ẹ fa igun ìsàlẹ̀ gba àárín itan wá síwájú, ẹ mú igun méjì tó kù wá bò ó, kí ẹ so ó. Ti ọmọkùnrin, kó nípọn níwájú. Ti ọmọbìnrin, kó nípọn nísàlẹ̀. Ọmọ tí ìwọ́ rẹ̀ kò tíì já, ẹ so ìlédìí rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìwọ́, kí ìtọ̀ má baà kàn án.

Ẹ má so ó le jù. Ìka yín méjì gbọ́dọ̀ lè wọ àárín aṣọ àti ikùn ọmọ. Ẹ má di ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀ gbọnrangandan. Ẹ jẹ́ kí itan rẹ̀ ṣí, bí ìgbà tó wà lẹ́yìn yín. Ẹ má sì torí pé ẹ ò fẹ́ kí aṣọ yín tutù kí ẹ wé ọ̀rá mọ́ ọn nídìí. Ooru á mú un, ìdí á bó. Bí ẹ bá fẹ́ pọ̀n ọ́n, ẹ fi aṣọ òwú kan tó nípọn kún un.

Bí a bá wà lọ́jà ńkọ́?

Ẹ gbé nǹkan méjì dání: àpò fún ìlédìí tó mọ́, àti ike onídèérí fún èyí tó ti dọ̀tí. Ẹ máa fọwọ́ kan ìdí ọmọ wò ní wákàtí méjì-méjì. Bí ó bá ti ṣu, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ má pààrọ̀ rẹ̀ lórí tábìlì tí ẹ ń pàtẹ oúnjẹ sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta àkàrà, tí ẹ ń ta ẹ̀wà, tí ẹ ń ta ẹ̀kọ, ẹ gbọ́ o. Àwọn kan ń sọ pé ìgbẹ́ ìkókó kò léwu. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru lè wà nínú ti ọmọ bíi ti àgbà. Ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ọwọ́ yín kí ẹ tó padà sídìí oúnjẹ. Omi nìkan kò tó.

Fífọ̀ àti sísá

Ẹ kọ́kọ́ gbọn ìgbẹ́ dà sínú ṣáláńgá. Kì í ṣe gọ́tà, kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé tí adìẹ ti ń jẹ̀, kì í ṣe odò, kì í ṣe ọ̀sà. Omi àkọ́fọ̀ náà, inú ṣáláńgá ni kó lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọṣẹ ìfọṣọ fọ̀ ọ́, pẹ̀lú omi gbígbóná bí ó bá ṣeé ṣe. Ẹ ṣàn án nígbà mẹ́ta, títí omi kò fi ní hó mọ́, torí ọṣẹ tó bá ṣẹ́ kù lára aṣọ ń ta ìdí ọmọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra omi ní garawa, ẹ má da omi ìṣàn ìkẹyìn nù: ẹ lè fi ṣe omi àkọ́fọ̀ fún ìlédìí mìíràn.

Ẹni tó bá ń lo jáfẹ̀lì, kó má dà á sórí ìlédìí tí ìtọ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Èéfín tó ń jáde níbẹ̀ lè ṣe èèyàn léṣe láyà. Ọmọ tó bá ń ṣu gbuuru, ẹ se ìlédìí rẹ̀ lórí iná kó hó lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọ̀ ọ́.

Okùn ni kí ẹ sá a sí, nínú oòrùn. Ẹ má tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ tàbí koríko. Eṣinṣin kan wà tó máa ń yé ẹyin sórí iyanrìn àti sára aṣọ tí kò gbẹ. Ìdin rẹ̀ á wọ awọ ara ọmọ, ibẹ̀ á wú bí oówo, ìdin á sì máa dàgbà nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé abẹ́ òrùlé ni aṣọ gbẹ sí nígbà òjò, ẹ fi irin ìlọṣọ gbígbóná lọ̀ ọ́ tinú tẹ̀yìn, pàápàá ojú ibi tí a rán. Ooru irin yẹn ló ń pa ẹyin náà.

Bí ìdí ọmọ bá bó

Ẹ fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wẹ̀ ẹ́, ẹ fi aṣọ rírọ̀ tẹ̀ ẹ́ gbẹ, ẹ má nù ún kankan. Ẹ jẹ́ kó wà níhòòhò fúngbà díẹ̀ lójúmọ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, kí ẹ wá fi fasilíìnì tàbí òrí tó mọ́ pa ibẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ má da pọ́dà sí i. Ọmọ á fà á símú. Ẹ má fi ìpara àgbà kùn ún. Bí kò bá san lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, tí ó ní ọyún, tàbí tí ara ọmọ gbóná, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ohun tí ìlédìí ń sọ fún wa

Ẹni tó ń lo aláṣọ mọ iye ìgbà tí ọmọ rẹ̀ tọ̀. Àǹfààní ńlá nìyẹn. Láti nǹkan bí ọjọ́ karùn-ún tí a bí i, ọmọ tó ń mu ọmú yó máa ń tọ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹfà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọ̀sán àti òru, ìtọ̀ náà kì í sì í pọ́n. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ máa fún un lọ́mú sí i, kí ẹ sì fi hàn agbẹ̀bí. Ṣùgbọ́n bí ìlédìí bá gbẹ fún wákàtí mẹ́fà, tí ẹnu ọmọ gbẹ, tí àwùjẹ̀ rẹ̀ jìn wọlé, omi ń tán lára rẹ̀ nìyẹn. Ẹ máa fún un lọ́mú bí ẹ ti ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má dúró di ọ̀la.

Ẹ̀yin ìyálọ́jà wa, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí ẹ bá rí ìyàwó tuntun tó bí àkọ́bí rẹ̀, ẹ má kàn kí i “ẹ kú ọwọ́ lómi” kí ẹ kọjá. Ẹ bi í léèrè: “Ọmọ mi, ibo lo ti rí aṣọ tó wà nídìí ọmọ yìí? Ṣé káńfọ̀ ò sí nínú àpótí yẹn?” Ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn lè gba ọmọ là.

Ọlọ́run á bá wa wò wọ́n. Ẹ kú ọwọ́ lómi o. Ó dàbọ̀.