Ọ̀rọ̀ Ìyànjú fún Àwọn Agégi Tí Wọ́n Ṣẹ̀ṣẹ̀ Gba Òmìnira Iṣẹ́

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nísàlẹ̀ yìí ni agégi àgbà kan bá àwọn ọmọ iṣẹ́ sọ ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ tí wọ́n parí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ wọn. A tẹ̀ ẹ́ jáde nítorí pé yóò ṣe àwọn agégi mìíràn ní àǹfààní, àti àwọn onílé tí ń bẹ̀ wọ́n níṣẹ́ pẹ̀lú.

Mo kí ẹ̀yin ọ̀gá kú iṣẹ́, nítorí kì í ṣe ohun kékeré láti mú ọmọ ọlọ́mọ gun orí igi fún ọdún mélòó kan, kí a sì dá a padà fún ìyá rẹ̀ láìfarapa.

Iṣẹ́ tí ẹ kọ́ yìí yàtọ̀ sí ti àwọn tí ń la pákó nínú igbó. Iṣẹ́ àárín ìlú ni: màngòrò tí ó tẹ̀ sórí ilé, ẹ̀ka odán tí ó dí ọ̀nà, àgbọn tí ó gbẹ lẹ́bàá ilé ìwé, igi mẹlínà tí ìjì ti fà tu ní ìdajì. Nínú igbó, bí igi bá ṣubú sí ọ̀tún dípò òsì, ilẹ̀ ni yóò gbà á. Ní àárín ìlú, òrùlé ẹnìkan ni yóò gbà á, tàbí wáyà iná, tàbí orí ọmọ tí a rán ní omi.

Láti òní lọ, ẹ ti di ọ̀gá ara yín. Ohun ayọ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún yín. Nígbà tí ẹ wà lábẹ́ ọ̀gá, bí igi bá léwu, ọ̀gá ni í wí pé, "Sọ̀ kalẹ̀." Ẹni tí ń dá iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe kò ní ẹni tí yóò wí bẹ́ẹ̀ fún un. Òun ni ọ̀gá, òun ni ọmọ iṣẹ́, òun náà sì ni ebi ń pa. Nígbà tí àwọn mẹ́ta yìí bá pàdé nídìí igi kan, ohùn ebi ni í máa ń ròkè jù. Nítorí náà, ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé lónìí: ẹ kọ́ bí a ti í wí pé, "N kò ní gé igi yìí lónìí."

Èmi kò kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira bí tiyín yìí, ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, nígbà tí ẹ̀rù ìjì ń ba àwọn onílé, baálé ilé kan pè mí sí màngòrò kan tí ó wà láàárín ilé rẹ̀ àti ti aládùúgbò rẹ̀. Ó ní agégi kan ti wá ní àná, ó yí igi náà po, ó gbá a kiri, ó béèrè owó tí ó pọ̀, ó sì ní àfi kí òun lọ mú okùn àti ènìyàn méjì wá. Baálé náà bi mí pé, "Ṣé ìwọ lè gé e lónìí?" Owó ilé oṣù mẹ́fà wà lọ́rùn mi. Mo ní mo lè gé e. Ìdajì owó tí ẹni ìṣáájú béèrè ni mo gbà, inú mi sì dùn pé mo gbọ́n jù ú lọ.

Mo gun igi náà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé ẹ̀ka ńlá tí ó nà sórí òrùlé aládùúgbò láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. N kò kọ́kọ́ gé abẹ́ rẹ̀, n kò sì so okùn mọ́ ọn. N kò mọ̀ pé inú rẹ̀ ti jẹrà. Ayùn kò tíì dé àárín tí ẹ̀ka náà fi faya, tí ìdí rẹ̀ ta padà, tí ó sì gbá mi lẹ́sẹ̀. Èmi àti òun ni a jọ dé ilẹ̀. Páànù mẹ́jọ ni ó run lórí ilé aládùúgbò, ẹsẹ̀ òsì mi sì ṣẹ́ ní ojú méjì. Ìyá arúgbó kan tí ń ta ẹ̀pà nísàlẹ̀ ibẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lọ bu omi mu ni. Bí kò bá dìde, èmi kì bá tí ní ẹnu láti bá yín sọ̀rọ̀ lónìí.

Oṣù méje ni n kò fi gun igi. Owó tí mo gbà kò tó páànù tí mo bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti kọ iṣẹ́ náà ṣáájú mi wá kí mi lórí ibùsùn. Kò bú mi. Ó fi ẹ̀yìn ìka gbá ògiri, ó sì tún gbá agolo tí ó ṣófo lórí tábìlì, ó ní, "Ṣé o gbọ́ pé ohùn wọn kò dọ́gba? Igi náà ṣe tán láti sọ̀rọ̀, ìwọ ni o kò bi í léèrè."

Àwọn àgbà wa ní igi gogoro má gún mi lójú, àtòkèèrè ni a ti ń wò ó. Kí ẹ tó fi ọwọ́ kan igi, ẹ dúró lókèèrè, kí ẹ wo orí rẹ̀. Ṣé ẹ̀ka gbígbẹ wà níbẹ̀? Ibo ni ó tẹ̀ sí? Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìdí rẹ̀. Bí olú bá hù níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí inú igi náà ti máa jẹrà, bí ewé rẹ̀ tilẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Ẹ wo ọ̀nà ikán, ẹ wo ibi tí èèpo ti sán, ẹ sì wo ibi tí àgbàrá ti wọ́ erùpẹ̀ kúrò lórí gbòǹgbò. Ẹ fi ẹ̀yìn àáké gbá a yíká. Ibi tí ó bá ń dún bí ìlù, ó ti ṣófo nínú. Ẹ má sì gbàgbé láti wo oyin àti ejò, nítorí ọwọ́ tí ń lé oyin kò lè di igi mú.

Àwọn àgbà tún wí pé bí igi bá wó lu igi, tòkè ni a ń kọ́kọ́ gbé. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ wa rí láàárín ilé. Láti òkè ni a ti ń sọ igi kalẹ̀ ní ègé ègé, pẹ̀lú okùn. Bí ẹ̀ka bá tóbi, ẹ kọ́kọ́ gé abẹ́ rẹ̀ wọlé díẹ̀, kí ó tó ìdá kan nínú mẹ́rin, kí ẹ tó gé e láti òkè, kí ó má baà faya bí tèmi. Bí ààyè bá wà láti bi igi ṣubú láti ìdí, ẹ gé ẹnu sí i ní apá ibi tí ẹ fẹ́ kí ó ṣubú sí, kí ẹnu náà jinlẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́rin ìbú igi. Lẹ́yìn náà, kí ẹ gé e láti ẹ̀yìn, kí ojú ibẹ̀ ga ju ẹnu náà lọ díẹ̀. Ẹ má ṣe gé e já. Èyí tí ẹ bá fi sílẹ̀ láàárín, bí ìdá kan nínú mẹ́wàá, ni yóò máa darí igi bí ó ti ń lọ sílẹ̀. Ẹni tí ó gé e já ti sọ ìjánu ẹṣin nù lórí eré. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣán ọ̀nà tí ẹ ó sá gbà, kí ẹ sì lé gbogbo ènìyàn sẹ́yìn tó ìlọ́po méjì gígùn igi náà.

Ní ti ẹ̀rọ ayùn, ní ọdún 1929 ni Andreas Stihl, ará Jámánì, mú èyí tí ń fi bẹntiróòlù ṣiṣẹ́ jáde. Ènìyàn méjì ni í gbé e nígbà náà. Lónìí ẹnìkan ń gbé e, ìdí nìyí tí àwọn mìíràn fi sọ ọ́ di ohun ìṣeré. Òkè imú rẹ̀ ni ikú wà: bí ibẹ̀ bá kan igi, ayùn lè ta padà sí ojú ẹni tí ó dì í mú kí ó tó ṣẹ́jú. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ kan dì í, ẹ má ṣe gbé e ga ju èjìká lọ, bí bíréèkì rẹ̀ bá sì bàjẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ sílé títí ẹ ó fi tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ wáyà iná ni mo bẹ̀rù jù. Wáyà ńlá tí ń gba àdúgbò kọjá máa ń gbé 11,000 tàbí 33,000 fóltì. Igi tútù ń gbé iná, irú iná bẹ́ẹ̀ sì lè fò mọ́ ènìyàn tí kò tíì fọwọ́ kàn án. Bí wáyà bá wà nítòsí, ilé iṣẹ́ iná ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá, kí wọ́n wá pa á. Pé iná kò sí ní àdúgbò kò túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni pa á. Ó lè dé nígbà tí ẹ bá wà lórí ẹ̀ka. Àwọn ọmọdé yóò máa hó ìhó ayọ̀ nísàlẹ̀ pé iná ti dé, òkú yín ni wọn yóò sì rí bí wọ́n bá gbójú sókè.

Ẹ ó bi mí pé, "Bàbá, bí a bá ń kọ iṣẹ́, kí ni a ó jẹ?" Bí a ti í dá iye owó ni ìdáhùn. Ẹ má ṣe dá owó iṣẹ́ lórí fóònù. Ẹ lọ wo igi. Ẹ ka bẹntiróòlù àti ọ́ìlì tí a ń pò mọ́ ọn, ṣéènì ayùn, okùn tí ń gbó, owó ọkọ̀, owó àwọn tí yóò di okùn mú, àti owó ẹni tí yóò kó ẹ̀ka lọ. Ẹ ka ọjọ́ òjò tí a kì í gun igi, àti ọjọ́ ẹ̀ẹ̀rùn tí onílé gbàgbé pé òun ní igi, nítorí ọjọ́ tí iṣẹ́ wà ni yóò bọ́ ọjọ́ tí kò sí. Ẹ kọ àdéhùn sínú ìwé: ta ni ó ni pákó àti igi ìdáná, ta ni yóò hú kùkùté, ta ni yóò tún ògiri mọ bí ó bá wó. Igi tí ó wà láàárín ilé méjì, ẹ bá onílé méjèèjì sọ̀rọ̀. Ìrókò tàbí àràbà tí ẹ bá rí aṣọ funfun nídìí rẹ̀, ẹ wá àwọn àgbà àdúgbò rí. Ẹ sì béèrè àṣẹ tí òfin ìpínlẹ̀ yín bá fẹ́. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, fún àpẹẹrẹ, àjọ tí a ń pè ní LASPARK ni a ń tọ̀ lọ.

Ẹ má sì gbàgbé ara yín. Òfin Ẹ̀san Òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 sọ fún agbanisíṣẹ́ pé kí ó máa dá owó sílẹ̀ nítorí òṣìṣẹ́ tí ó bá farapa. Ẹ̀yin kò ní agbanisíṣẹ́. Ẹ̀yin ni ẹ ó dá owó náà sílẹ̀ fún ara yín. Ní ọdún 2019, ìjọba àpapọ̀ ṣí ètò owó ìfẹ̀yìntì fún àwọn tí ń dá iṣẹ́ ara wọn ṣe, kí oníkálukú lè máa san bí agbára rẹ̀ ti mọ. Òfin ọdún 2022 sì ní kí gbogbo ènìyàn wọ ètò adójútòfò ìlera. Ẹ lọ béèrè bí ẹ ó ti wọ̀ ọ́ nígbà tí ẹsẹ̀ yín ṣì pé méjì.

Ní ìparí, kì í ṣe gbogbo igi tí a pè yín sí ni ó yẹ kí ẹ bì ṣubú. Ìgbà mìíràn ẹ̀ka méjì ni ó ń yọ onílé lẹ́nu. Alex Shigo, onímọ̀ igi ará Amẹ́ríkà tí ó kú ní ọdún 2006, la inú igi púpọ̀ wò, ó sì fi hàn pé ọgbẹ́ igi kì í jinná bí ti ènìyàn; igi a máa mọ odi yí ibi tí ó bàjẹ́ ká. Ibi tí ó wú bí ọrùn ẹ̀wù ní ìdí ẹ̀ka wà lára odi náà. Ẹ má ṣe gé e wọnú. Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti gé ẹ̀ka kúrò, kí ẹ má sì fi kùkùté gígùn sílẹ̀. Onílé tí ẹ bá igi rẹ̀ tọ́jú yóò tún pè yín. Èyí tí ẹ bá igi rẹ̀ bì ṣubú kò ní igi tí yóò torí rẹ̀ pè yín mọ́.

Ẹni tí ó kọ iṣẹ́ màngòrò yẹn ni mo padà lọ bá, mo sì tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ bí ọmọdé. Ó darúgbó sínú iṣẹ́ yìí pẹ̀lú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tí ó pé. Ní tèmi, ẹsẹ̀ òsì mi a máa ro mí bí òjò bá ṣú. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ a di odindi. Ẹ lọ ṣiṣẹ́ yín, ẹ ó lọ rere, ẹ ó sì máa sọ̀ kalẹ̀ ní àlàáfíà.