Ilé Bàbá Ni, àbí Ilé Ìyá?

Àwọn òbí ti wọ aṣọ ẹbí dé, wọ́n ti ń wá ibi tí wọn yóò ti ya fọ́tò. Ó dájú pé ẹnìkan nínú wọn á tún wí i lónìí pé ọmọ òun jọ bàbá ẹ̀ bí ìmumu. Àwọn tó ń gbàwé ẹ̀rí gan-an mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: Mendel ti kọ́ wọn pé jíìnì kan náà ni jíìnì, ì báà tọ̀dọ̀ bàbá wá, ì báà tọ̀dọ̀ ìyá. Kí wọ́n tó fi ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ó yẹ kí wọ́n tún gbọ́ ibi tí òfin yẹn ti yẹ̀.

Ní 1984, Azim Surani àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cambridge, àti James McGrath pẹ̀lú Davor Solter ní Philadelphia, mú ẹyin èkúté tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àtọ̀. Wọ́n yọ ìpín bàbá kúrò, wọ́n fi ìpín ìyá mìíràn dí àyè rẹ̀. Jíìnì pé, kò dín ẹyọ kan. Síbẹ̀, ọlẹ̀ náà kò dọmọ, nítorí ibi ọmọ rẹ̀ kò rójú dàgbà. Wọ́n wá lo ìpín bàbá méjì. Ibi ọmọ gbèrú, ọlẹ̀ ló rọ.

Àmì ló fà á. Nígbà tí ara bá ń ṣe ẹyin tàbí àtọ̀, ó máa ń lẹ èròjà tín-ín-rín kan tó ń jẹ́ methyl mọ́ àwọn ojú ibì kan lára DNA, èyí ló sì ń pinnu ẹ̀dà jíìnì tí yóò ṣiṣẹ́, ti bàbá tàbí ti ìyá. Lẹ́tà DNA kankan ò yí padà. Ẹ̀dà tó dákẹ́ dà bí aṣọ inú àpótí tí wọ́n tì pa: aṣọ wà, kò sẹ́ni tó rí i wọ̀. Àpẹẹrẹ kan ni jíìnì Igf2 tó ń mú ọlẹ̀ dàgbà: ẹ̀dà ti bàbá nìkan ló ń ṣiṣẹ́ nínú ọlẹ̀. Ọmọkùnrin tó bá sì gba jíìnì lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ á pa àmì ìyá rẹ́, á fi ti bàbá sí i kó tó fún ọmọ tirẹ̀.

Irú àmì yìí wà lára ènìyàn náà. Ní Warrington, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dókítà ọmọdé kan, Harry Angelman, rí ọmọ mẹ́ta tí kì í sọ̀rọ̀, tí ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu wọn, tí ìrìn wọn sì ń já gìjà gìjà. Kò mọ ohun tí yóò pe àìsàn náà. Ìgbà tó gbafẹ́ lọ sí Verona ní Ítálì ló rí àwòrán ọmọdékùnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín, tó di àwòrán ọmọlangidi mú. Ó padà sílé, ó fi orúkọ ọmọlangidi pe àwọn ọmọ náà, ó kọ ọ́ jáde ní 1965; àìsàn Angelman ni wọ́n ń pè é báyìí. Ó lé lógún ọdún kí wọ́n tó mọ̀ pé, lára ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ègé kan ló já lára kromosóòmù 15 tí ìyá fún wọn. Bí ègé yẹn bá já lára ti bàbá, àìsàn Prader-Willi ni: ọmọ tí kò lágbára láti mu ọmú, tó bá dàgbà díẹ̀ tán, oúnjẹ kì í yó o mọ́.

Nínú àwọn tó ń jáde lónìí, ẹni tó bá ríṣẹ́ sí láàbù ilé ìwòsàn lè bá irú èsì yìí pàdé lórí tábìlì: kromosóòmù 15, ègé kan já. Kó dá bírò dúró ná. Kó yẹ àmì methyl wò, kó mọ ilé tí èyí tó kù ti wá, kó tó kọ orúkọ àìsàn síwájú orúkọ ọmọ ọlọ́mọ.