Ọ̀rọ̀ Dídùn ní Ọjọ́ Ìkẹ́kọ̀ọ́yege: Bí A Ṣe Ń Sọ Ọ́ àti Bí A Ṣe Ń Gbọ́ Ọ

(Ọ̀rọ̀ tí Ínsípẹ́kítọ̀ Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù bá àwọn aṣojú ẹgbẹ́ sọ ní Èrúwà)

 

Ọ̀pọ̀ yín ni ó ti ń retí pé ọ̀rọ̀ owó ẹ̀yáwó ni mo tún gbé dé, nítorí pé lẹ́jà, rìsíìtì àti ìbéèrè ni ẹ mọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Lónìí, ọ̀rọ̀ nípa ọ̀rọ̀ sísọ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó wí pé ínsípẹ́kítọ̀ ti fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ fara balẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà yóò já sí, inú àpótí owó ẹgbẹ́ ni.

Ẹ wo bí nǹkan ṣe rí ní ilẹ̀ wa. Kò sí oṣù tí a kì í gbọ́ pé ọmọ ẹnì kan fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí. Ó lè jẹ́ ní Pólì Èrúwà, ó lè jẹ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Láńlátẹ̀ tàbí ti Igbó-Ọrà. Èyí tí ó pọ̀ jù ni fíríìdọ̀mù àwọn ọmọ iṣẹ́: télọ̀, onídìrí, mẹkáníìkì, káfíńtà. Wọn a ta kánópì, wọn a ro àmàlà láfún, wọn a se ìlasa, ọ̀gá a fi sísọ́ọ̀sì lé ọmọ lọ́wọ́, wọn a sì pe ẹnì kan kí ó dìde sọ̀rọ̀ ìyànjú. Ẹni tí wọ́n máa ń pè, ẹ̀yin náà ni. Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré. Ọmọ tí ó ti fi ọdún mẹ́ta gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ọjọ́ náà ni etí rẹ̀ ṣí jù lọ. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ohun tí iṣẹ́ tèmi kọ́ mi ni pé ọ̀rọ̀ dídùn ní í yọ owó lápò, ìbáà jẹ́ rere, ìbáà jẹ́ búburú.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ti rere. Ní ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún ọdún 2014, ọ̀gágun orí omi kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, William McRaven, bá àwọn tí ó ń gboyè jáde ní Yunifásítì Texas ní ìlú Austin sọ̀rọ̀. Àwọn tí ó ń jáde tó nǹkan bí 8,000. Ọ̀rọ̀ náà kò ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ, ṣùgbọ́n ó tàn ká ayé, ó sì di ìwé ní ọdún 2017. Mo ti gbọ́ ọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mo fẹ́ tú u palẹ̀ níwájú yín gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń tú ìwé owó palẹ̀, kí á lè rí ohun tí ó mú un wọ àwọn ènìyàn lára.

Èkíní, ó kọ́kọ́ rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ yunifásítì kan náà ni òun, ó sì ti tó ọdún 37 tí ó ti jáde níbẹ̀. Ó sọ fún wọn pé òun rántí pé orí ń fọ́ òun lọ́jọ́ náà nítorí àríyá tí àwọn ṣe mọ́jú, ṣùgbọ́n òun kò rántí ẹni tí ó bá àwọn sọ̀rọ̀, òun kò sì rántí ohun tí ó sọ. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹni ńlá bá rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, ẹni kékeré a ṣí etí. Bẹ́ẹ̀ náà ni Steve Jobs, ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá ilé iṣẹ́ Apple sílẹ̀, ṣe ní Yunifásítì Stanford ní ọdún 2005. Ó sọ fún àwọn tí ó ń gboyè pé òun kò ka yunifásítì parí rí.

Èkejì, ó fi iṣẹ́ kékeré kan lé wọn lọ́wọ́. Ó ní bí o bá fẹ́ tún ayé ṣe, kọ́kọ́ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ ní òwúrọ̀. Níbi tí wọ́n ti kọ́ òun ní iṣẹ́ ogun, ní àràárọ̀ ni àwọn ọ̀gá ń wá wo bẹ́ẹ̀dì: ṣé ó tẹ́ dáadáa, ṣé ìrọ̀rí wà láàárín. Ẹni tí ó bá ṣe èyí ti parí iṣẹ́ kan kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, èyí yóò sì fún un lágbára láti ṣe òmíràn. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé òun kò lágbára láti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ̀kẹta, ó ń wí i ní àwítúnwí. Ẹ̀kọ́ mẹ́wàá ni ó kà sílẹ̀, ó sì ń fi gbólóhùn kan náà nípa títún ayé ṣe so wọ́n pọ̀, bí ègbè orin. Ẹni tí ó ń ka ìwé lè ṣí ojú ewé padà. Ẹni tí ó jókòó sábẹ́ kánópì kò ní ojú ewé tí yóò ṣí. Àwítúnwí ni ó fi ń rántí. Àwọn onílù wa mọ èyí tipẹ́.

Ẹ̀kẹrin, ohun tí a lè fojú rí ni ó fi parí rẹ̀. Agogo idẹ kan wà láàárín ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọn. Ẹni tí ó bá rẹ̀ kò ju kí ó lọ lu agogo náà, ìyà sì tán, kò ní jí ní agogo márùn-ún mọ́, kò ní wẹ odò tútù mọ́. Ó ní kí wọ́n má ṣe lu agogo yẹn láé. Ẹ kíyè sí i, kò ní kí wọ́n ní ìfaradà. Ìfaradà kò ṣeé fojú rí, ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ tí ó wà níbẹ̀ ni ó rí agogo.

Ẹ̀karùn-ún, ó ṣe ìṣirò fún wọn. Ó ní bí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú 8,000 wọn bá tún ayé ènìyàn mẹ́wàá ṣe, tí àwọn mẹ́wàá náà sì tún ti mẹ́wàá mẹ́wàá ṣe, títí dé ìran márùn-ún, ní ọdún 125, wọn yóò ti tún ayé 800 mílíọ̀nù ènìyàn ṣe. Mo mú báírò, mo ṣe é: 80,000, 800,000, 8,000,000, 80,000,000, 800,000,000. Ó pé.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìṣirò yìí gan-an ni ó mú mi wá síwájú yín lónìí.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n pè mí sí fíríìdọ̀mù àwọn télọ̀ ní ọ̀kan nínú àwọn ìlú wa. N kò ní dárúkọ ìlú, n kò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Orí àga ọlọ́lá ni wọ́n fi mí sí. Ọkùnrin kan dìde láti sọ̀rọ̀ ìyànjú. Ó kọ́kọ́ rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀: ó ní láfún ni ìyá òun ń tà, ẹsẹ̀ lásán ni òun fi ń rìn lọ sí ilé ìwé. Ó ní gbólóhùn kan tí ó ń wí ní àwítúnwí: “Owó tí ó sùn kì í bímọ.” Nígbà tí yóò fi wí i lẹ́ẹ̀kẹta, àwọn ènìyàn ti ń bá a gbè é. Ó fi fóònù tuntun kan han àwọn ọmọ náà, ó ní èrè oṣù kan ni òun fi rà á. Lẹ́yìn náà ni ó ṣe ìṣirò: mú ₦10,000 wá, pe ènìyàn mẹ́wàá, kí àwọn mẹ́wàá pe mẹ́wàá mẹ́wàá.

Gbogbo ibẹ̀ pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Mo mọ̀ pé ìṣirò náà kò lè dọ́gba, nítorí mo ń ṣe é lọ́kàn bí ó ti ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo ti jẹ ẹran wọn, mo ti mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò wọn, ojú sì tì mí láti ba ayẹyẹ jẹ́.

Kò ju oṣù kan ààbọ̀ lọ tí mo lọ yẹ ìwé ẹgbẹ́ kan wò ní àgbègbè náà. Fọ́ọ̀mù ìgbowó mọ́kànlá ni mo bá láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ní ẹgbẹ́ tí kì í rí ju méjì lọ lóṣù. Ọ̀kan jẹ́ ti ìyá opó kan tí ọmọ rẹ̀ wà lára àwọn tí ó gba fíríìdọ̀mù lọ́jọ́ náà. Ọdún mẹ́rin ni ó fi tọ́jú owó máṣíìnì ọmọ náà. Ó fẹ́ sọ máṣíìnì kan di méjì. Owó náà kò padà ra abẹ́rẹ́. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó wò mí lójú, ó ní: “Ọ̀gá, mo rí yín lórí àga lọ́jọ́ náà. Ẹ pàtẹ́wọ́. Mo ní bí ó bá burú ni, ẹ ó sọ.”

N kò rí èsì fọ̀. Èsì rẹ̀ ni mo ń sọ fún yín lónìí yìí.

Kí ni ó ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀? Kì í ṣe ọgbọ́n ọ̀rọ̀ sísọ, nítorí ọgbọ́n kan náà ni. Sísọ́ọ̀sì tí ó ń gé aṣọ náà ni ó ń gé ọwọ́. Ẹ wo ìṣirò wọn. Bí mo bá kọ́ ènìyàn mẹ́wàá ní ìránṣọ, iṣẹ́ náà kò kúrò lọ́wọ́ mi, bí ẹni kẹwàá bá sì kọ̀ láti kọ́ ẹlòmíràn, kò sí ẹni tí ó jẹ gbèsè. Owó kò rí bẹ́ẹ̀. Owó tí ẹnì kan gbé lọ, ẹlòmíràn ni ó mú un wá. Ẹ kà á: ènìyàn kan pe 10, 10 pe 100, 100 pe 1,000, ó di 10,000, ó di 100,000, ní ìgbésẹ̀ kẹfà a nílò mílíọ̀nù kan ènìyàn tuntun. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2006, gbogbo ènìyàn tí a kà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta Ìbàràpá kò tó 400,000. Ibikíbi tí eré náà bá sì ti dúró, nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá àwọn tí ó wọ̀ ọ́ ni yóò wà ní ìlà tí ó kẹ́yìn, tí wọn kò ní rí ẹni kankan pè. Ètò tí a sọ yìí kéré, kò lókìkí. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, nígbà tí MMM ti ilẹ̀kùn mọ́ owó àwọn ènìyàn jákèjádò Nàìjíríà, ohun kan náà ni ojú wọn rí.

Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ bá ti ń dùn mọ́ yín nínú, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta. Kí ni ó fẹ́ kí n ṣe ní òwúrọ̀ ọ̀la? Ǹjẹ́ òun fúnra rẹ̀ ti ṣe é rí, níbi tí a ti lè lọ wò ó? Bí a bá ṣe ìṣirò rẹ̀ dópin, ta ni yóò san án?

Ọ̀rọ̀ rere kì í bẹ̀rù ìbéèrè wọ̀nyí. Ẹ rántí Ìdèrè. Ní àwọn ọdún 1980, sòbìà ń dá àgbẹ̀ dùbúlẹ̀ níbẹ̀ lákòókò iṣẹ́ oko. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ara ni sòbìà wà, pé omi kọ́ ni ó gbé e wá. Àwọn elétò ìlera, pẹ̀lú àwọn ará Yunifásítì Ìbàdàn tí ó ti ń ṣiṣẹ́ ní Igbó-Ọrà láti ọdún 1963, ní kí a máa fi aṣọ sẹ́ omi kí a tó mu ún. Iṣẹ́ kékeré ni, bí bẹ́ẹ̀dì títẹ́. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ọdún kan ni sòbìà ń lò nínú ara kí ó tó yọjú, nítorí náà ẹni tí ó sẹ́ omi lónìí, ó di àmọ́dún kí ó tó rí èrè rẹ̀. Àwọn tí ó sọ ọ̀rọ̀ náà kò sá lọ. Wọ́n ń padà wá, wọ́n ń ka àwọn tí sòbìà mú. Ní ọdún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé sòbìà ti tán ní Nàìjíríà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ òtítọ́ a máa padà wá kà á.

Ní ti ẹ̀yin tí wọn yóò pè síbi fíríìdọ̀mù tí ń bọ̀, ẹ má ṣe kórìíra ọ̀rọ̀ dídùn nítorí ohun tí mo sọ. Bí olóòótọ́ bá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn, ẹni tí ó bá dìde lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò kó etí àwọn ọmọ lọ. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yín kúrú. Ẹ sọ àṣìṣe kan tí ẹ ṣe rí nígbà tí ẹ wà lọ́mọ iṣẹ́. Ẹ fi iṣẹ́ kékeré kan lé ọmọ lọ́wọ́: kí ó máa nu máṣíìnì kí ó tó ti ṣọ́ọ̀bù, kí ó máa kọ owó tí ó wọlé sílẹ̀ lálaalẹ́, kí ó máa mú díẹ̀ wá sí ẹgbẹ́ ní ọjọ́ ìpàdé. Ẹ wí i lẹ́ẹ̀mẹta. Kí ẹ tó gbàdúrà, ẹ ṣe ìṣirò kan fún un, kí ó jẹ́ èyí tí òun fúnra rẹ̀ lè ṣe: ₦500 lọ́sẹ̀ jẹ́ ₦26,000 lọ́dún. Kì í ṣe 800 mílíọ̀nù, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò sunkún ní ìparí rẹ̀.

Bí ẹlòmíràn bá sì dìde tí ìṣirò rẹ̀ kò dọ́gba, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe pàtẹ́wọ́. Ẹ ní kí ó tún un kà lójú gbogbo ènìyàn. Ẹran tí ẹ jẹ kò gbọdọ̀ di yín lẹ́nu bí ó ti di èmi.

Ọmọ ìyá opó yẹn ṣì ń rán aṣọ lórí máṣíìnì ọ̀gá rẹ̀. Ẹgbẹ́ ti fọwọ́ sí owó ẹ̀yáwó fún ìyá rẹ̀, onídùúró kan ti wà, ó ku ẹnì kejì. Òfin kò gba èmi láyè láti ṣe onídùúró. Bí mo bá lè ṣe é, n bá ti fọwọ́ sí i ṣáájú kí n tó wá síhìn-ín.

 Kí a máa jẹ, kí ó máa ṣẹ́ kù.